Ṣé Ó Kúnlẹ̀ Bẹ Ọ̀gá Rẹ̀?

Láti oṣù kejì ọdún yìí ni ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọbìnrin mi ló bi mí. Ọmọ ọdún méje ni. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nílé wa ní Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia, mò ń dirun fún un. Màámi tí wọ́n wá kí wa láti Òṣogbo jókòó sí ọ̀ọ́kán, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Olùkọ́ ti sọ ìtàn Barbara Johns, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde kúrò nílé ìwé láìgbọ́ ti ọ̀gá wọn, fún àwọn ọmọ ní kíláàsì lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ mi sì fẹ́ kí n tún un sọ ní Yorùbá kí màmá àgbà lè gbọ́ ọ. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń pàlọ́. Mo yí ohùn padà, mo fọwọ́ júwe. Nígbà tí mo parí, mo retí pé yóò pàtẹ́wọ́.

Kò pàtẹ́wọ́. Ó yí ọrùn padà, òòyà ṣì wà lórí rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ó wá kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó yá?"

Kí n tó lanu, Màámi ti dáhùn: "Ó kúkú yẹ kó bẹ̀ ẹ́."

Mo di irun náà parí láìsọ̀rọ̀. Ọmọ sùn, Màámi náà sùn. Èmi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà, nítorí mo mọ ibi tí ìbéèrè yẹn ti wá. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí àgbà bá bínú, kúnlẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ni a ó máa wádìí ẹni tó jẹ̀bi.

Àárọ̀ tí aṣọ ìkélé ṣí

Bí òfin ṣe pín ilé ìwé sí méjì ní gúúsù Amẹ́ríkà nígbà náà, ọ̀kan fún aláwọ̀ funfun, ọ̀kan fún aláwọ̀ dúdú, kò ṣàjèjì sí yín, mi ò ní tún un rò. Ẹ jẹ́ ká lọ tààrà sí Farmville, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Prince Edward ní Virginia níbí, lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1951.

Ọmọ 180 ni wọ́n kọ́ ilé ìwé girama Moton fún ní 1939, fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí yóò fi di 1951, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ti lé ní 450. Kàkà kí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kọ́ òmíràn, pákó ni wọ́n tò, wọ́n fi pépà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn bò ó, wọ́n pè é ní kíláàsì. Bí òjò bá rọ̀, ó ń jò, àwọn ọmọ á ṣí agbòòrùn sínú kíláàsì. Nígbà òtútù, ẹni tó súnmọ́ sítóòfù onígi á máa làágùn, ẹni tó jìnnà sí i á wé kóòtù mọ́ra. Kò sí yàrá ìjẹun, kò sí yàrá sáyẹ́ǹsì. Ilé ìwé àwọn òyìnbó nínú ìlú kan náà ní méjèèjì.

Ọmọ ọdún 16 ni Barbara nígbà náà, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ráhùn fún olùkọ́ orin rẹ̀, Inez Davenport, olùkọ́ náà sì bi í pé kí ló dé tí kò ṣe nǹkan kan sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán, ó sáré padà wọlé lọ mú un, bọ́ọ̀sì sì lọ. Ó dúró sẹ́bàá títì, ó ń wá ẹni tí yóò gbé e. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ òyìnbó kọjá lójú rẹ̀, àyè pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì lè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ yẹn ló pinnu. Ó fọ̀rọ̀ lọ àwọn díẹ̀ tó fọkàn tán nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀ fún oṣù mélòó kan.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹnì kan nínú wọn pe ọ̀gá ilé ìwé, Boyd Jones, lórí fóònù pé àwọn ọmọ rẹ̀ kan ti kó sí wàhálà ní ibùdókọ̀, ọlọ́pàá sì fẹ́ kó wọn. Ọ̀gá sáré jáde. Bó ṣe lọ tán, ìwé pélébé ti dé gbogbo kíláàsì, pé ọ̀gá ní kí gbogbo yín pé sí gbọ̀ngàn. Wọ́n pé, olùkọ́ àti ọmọ. Aṣọ ìkélé ṣí, wọ́n ń retí ọ̀gá, Barbara ni wọ́n rí.

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí. Ó ní kí àwọn olùkọ́ jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ di àríyànjiyàn, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó fi gbá bẹ́ńṣì. Mo máa ń rí i lójú ọkàn mi: ọmọbìnrin kan tí kì í pariwo, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kejì nílẹ̀ lásán, ó dúró níwájú àwọn tó ń máàkì ìwé rẹ̀. Ó sọ ohun tí gbogbo wọn ti mọ̀: òjò, sítóòfù, bọ́ọ̀sì tó jẹ́ àlòkù àwọn òyìnbó. Ó ní kí wọ́n jáde, kí wọ́n má padà títí wọn ó fi rí ilé ìwé gidi. Nígbà tí ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ba àwọn kan, èsì tí wọ́n fún wọn ni pé ẹ̀wọ̀n Farmville kéré jù, kò lè gba gbogbo àwọn.

Ọ̀gá padà dé, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é. Wọn ò yí padà. Gbogbo ilé ìwé jáde.

"Irọ́ ni wọ́n pa fún un"

Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màámi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ lè fojú inú wo bí ìtàn náà ṣe dùn mọ́ wọn tó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú kíṣìnì, wọ́n tún gbé e dìde: "Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ̀gá wọn. Ọmọ tó lè tan ọ̀gá jáde lónìí, kí ni kò ní í ṣe lọ́la? Ẹ ò sì gbọdọ̀ máa fi irú ìyẹn kọ́ ọmọdé. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a."

Mi ò lè já wọn níyàn lójú ẹsẹ̀, nítorí mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Irọ́ ni fóònù yẹn. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi rò pé irọ́ di òtítọ́ nígbà tí ẹni tó pa á bá jẹ́ akọni. Ṣùgbọ́n òwe Màámi kò fi mí sílẹ̀, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e padà wálé. Lọ́jọ́ kẹta ni mo bi ara mi pé: irọ́ èwo ló ti ń lọ láti ogún ọdún?

Kì í ṣe ti fóònù. Ìyẹn ò ju wákàtí kan lọ. Ní 1896, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí ọ̀tún ní bá dọ́gba pẹ̀lú ti òsì. Irọ́ yẹn ti rin ọdún 55 kó tó dé Farmville, ó wọ agbádá òfin, àgbàlagbà sì ń kí i. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, tí Pásítọ̀ Francis Griffin ń ṣaájú, ti lọ sípàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n ń fi ọ̀la dá wọn lóhùn.

A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wà lọ́jà Farmville o. Wọ́n rí orí ọmọ tó wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó oṣù wọn ni wọ́n ń bá wí. Boyd Jones pàápàá, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ yẹn náà ló gbà á síṣẹ́. Bí mo ṣe rí i, fóònù tó mú un jáde kúrò nínú ọgbà jẹ́ agbòòrùn tí àwọn ọmọ ṣí lé e lórí: ẹni tí kò sí nílé kò mọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Agbòòrùn náà kò tó. Nígbà tí sáà parí, wọn ò gbà á síṣẹ́ mọ́.

Mo sọ èyí fún Màámi. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Àwọn òbí wọn ńkọ́?"

Ìbéèrè ọ̀gá ilé ìwé nìyẹn, mo sì ní èsì fún un. Lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n jáde, Barbara àti Carrie Stokes, ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kọ lẹ́tà sí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Lọ́jọ́rú, agbẹjọ́rò méjì, Oliver Hill àti Spottswood Robinson, dé láti Richmond. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn kì í pe ẹjọ́ nítorí ilé tó dára mọ́: bí ẹ bá fẹ́ kí a ṣe é, òpin ìyàsọ́tọ̀ gan-an ni a ó bèèrè, kí ẹ sì lọ mú òbí yín wá. Wọ́n mú wọn wá, inú ṣọ́ọ̀ṣì Pásítọ̀ Griffin kún fọ́fọ́. Lọ́jọ́ 23 oṣù karùn-ún, wọ́n gbé ẹjọ́ náà wọlé lórúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 117. Ó di ọ̀kan nínú ẹjọ́ márùn-ún tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pa pọ̀, tí wọ́n fi fagi lé ìyàsọ́tọ̀ ní ilé ìwé ìjọba lọ́jọ́ 17 oṣù karùn-ún 1954. Nínú márààrún, òun nìkan ni àwọn ọmọ ilé ìwé fúnra wọn bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n," ni Màámi wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn ò parí òwe náà.

Ibi tí mo gé ìtàn náà

Ní oṣù kẹta a wakọ̀ lọ sí Farmville. Ó ju wákàtí kan lọ díẹ̀ láti ilé wa. Ilé ìwé Moton àtijọ́ ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, gbọ̀ngàn náà sì wà níbẹ̀. Ọmọ mi sáré síwájú, ó lọ dúró níbi ìtàgé. Màámi lọ yíká, wọ́n ń ka gbogbo ohun tó wà lára ògiri bí ẹni ń bẹ ìwé ẹ̀kọ́ olùkọ́ wò. Wọ́n pè mí sí ibì kan. "Ọdún wo ni wọ́n pè é yìí?"

1959. Ibi tí èmi kò dé nígbà tí mò ń pàlọ́ nìyẹn.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí Prince Edward dá àwọn ọmọ pọ̀ wàyí, kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́, àwọn aláṣẹ ẹkùn náà kọ̀ láti ya owó sọ́tọ̀ fún ilé ìwé. Kò sí owó rárá, fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gbogbo ilé ìwé ìjọba pa. Àwọn òyìnbó dá ilé ìwé aládàáni sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwọn. Nǹkan bí 1,700 ọmọ aláwọ̀ dúdú ni kò rí ibi lọ. Àwọn kan kàwé nínú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kó àwọn mìíràn lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà. Àwọn kan lọ sóko, wọn ò sì padà sí kíláàsì títí ayé wọn. Ọdún márùn-ún ni, títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi pàṣẹ ní 1964 pé kí wọ́n ṣí i.

Màámi ní, "1959. Mo wà ní Prámárì Fáìfù."

Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní 1955. Iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Kò sí ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà wọ́n ní kí Màámi na ọwọ́ ọ̀tún kọjá orí kó kan etí òsì. Ó kan án, wọ́n gbà wọ́n. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn láìmọye ìgbà. Èyí tí n kò gbọ́ rí ni wọ́n sọ níbẹ̀, ní Farmville: ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tẹ̀ lé wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró sẹ́yìn, ó sì ń na ọwọ́ tirẹ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá etí. Ó ti dàgbà jù. Igbá ẹ̀kọ ni wọ́n gbé lé e lórí, ó ń kiri níwájú ilé ìwé tí àbúrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́," ni Màámi wí. "Síbẹ̀, títí ó fi kú, bí ó bá fẹ́ buwọ́ lùwé, á ní kí n bójú wo ibòmíràn." Wọ́n tún wo ògiri náà. "Tàwọn wọ̀nyí, ènìyàn ló jókòó tó fọwọ́ tì í pa."

Lójú ọ̀nà ni mo rí àṣìṣe mi. Ìtàn tí mo pa fún ọmọ mi parí sí ibi tí àwọn ọmọ ti borí. Gbogbo wa la máa ń gé e síbẹ̀, a ó ní ọmọdé ni, ọkàn rẹ̀ ò ní lè gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbọ́ pé akọni bọ́ bàtà láàárọ̀, tí ayé sì dára nírọ̀lẹ́, yóò rò pé òun ṣàṣìṣe lọ́jọ́ tí òun bá sọ òtítọ́ tí nǹkan sì burú sí i. Mo gbà pé ọmọ ọdún méje lè gbọ́ pé wọ́n ti ilé ìwé pa. Ó mọ ohun tí ilẹ̀kùn títì jẹ́. Mo sọ ọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, ní ṣókí, láìfi ohùn àlọ́ sí i. Mo sọ pé wọ́n rán Barbara kúrò nílùú, lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Alabama, nítorí ẹ̀rù ń ba àwọn òbí rẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀. Ó gbọ́. Ó ní, "Ta ló wá bẹ Barbara?"

Ní 2003, ilé aṣòfin Virginia fi ohùn ṣọ̀kan sọ pé ó dun àwọn gidigidi pé wọ́n ti àwọn ilé ìwé yẹn pa. Barbara ti kú ní 1991.

Fọ́ọ̀mù tí mo kọ

Ó kù ohun kan tí n kò tíì sọ, òun gan-an ló mú kí ìbéèrè ọmọ náà máa gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé, wọ́n bèèrè nínú fọ́ọ̀mù pé èdè wo lẹ ń sọ nílé. Mo kọ Yorùbá tayọ̀tayọ̀. Nítorí ìyẹn, wọ́n ní kí obìnrin kan dán Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wò. Ọmọ mi, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí odò tó ń ṣàn, wo ilẹ̀. Ó fi ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ dáhùn ìbéèrè kan nínú mẹ́ta. Àgbà àjèjì ló jókòó síwájú rẹ̀, ṣebí àwa la ní kò gbọdọ̀ wo àgbà lójú, kò sì gbọdọ̀ lanu gbàgà níwájú wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó. Láti ìgbà náà, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n ń mú un jáde kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lásìkò sáyẹ́ǹsì tó fẹ́ràn jù.

Mi ò fi wé ti Farmville, kò yẹ kí n fi wé e. Kò sẹ́ni tó kórìíra ọmọ mi níbẹ̀, ètò náà sì ń gbe ọ̀pọ̀ ọmọ tó nílò rẹ̀. Ohun tí ń dùn mí ni èmi. Nígbà tí wọ́n pè mí láti sọ fún mi, mo ní ẹ ṣeun. Fún ọdún méjì ni mo fi ń ní ẹ ṣeun. Àlejò ni wá, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní a lẹ́jọ́. Ọmọ mi ń wò mí. Ó rí màmá rẹ̀ tó ń bẹ àwọn tí kò ṣẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìbéèrè tó bi mí.

Nítorí náà, mo dá a lóhùn nígbà tó yá. Mo ní ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ yẹn kò bú ọ̀gá wọn, wọn ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọ́n ń bá jà kò sí nínú gbọ̀ngàn náà rárá. Mo sì ní èmi náà ń lọ sí ilé ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé láti bèèrè nǹkan kan tó yẹ kí n ti bèèrè tipẹ́.

Mo lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo kí wọn dáadáa, mo jókòó, mo bèèrè pé kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, kí wọ́n sì fi ìwé èsì rẹ̀ hàn mí. Wọ́n gbà, wọ́n dá ọjọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ mi ti wọ bàtà, báàgì ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò wo èmi, màmá àgbà ló ń wò. Ó kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, kò sì dìde.

"Màmá àgbà, ṣé kí n wo ojú wọn?"

Màámi gbé ife tíì sílẹ̀. Wọ́n fà á dìde ní ọwọ́ méjèèjì, wọ́n tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Kí wọn ná, Àṣàkẹ́," ni wọ́n wí. "Kí wọn dáadáa. Lẹ́yìn náà, wò wọ́n lójú, kó o sì sọ̀rọ̀ sókè."